Queen's Park àti Líìgì Scotland: Ìdí tí Ẹgbẹ́ náà fi Kọ̀ ní 1890, àti Ìdí tí ó fi Gbà ní 1900

1. Ìfáàrà

Ní oṣù kejì ọdún 1890, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Queen's Park ti ìlú Glasgow gba Ife Scotland fún ìgbà kẹsàn-án. Ẹgbẹ́ Vale of Leven ni ó borí kí ó tó gba ife náà. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta, tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù pàdé ní ilé ìtura Holton ní Glassford Street, láti jíròrò lórí bí wọn yóò ṣe dá líìgì kan sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó lókìkí ní Scotland. Ẹgbẹ́ 14 ni wọ́n kọ ìwé sí. Queen's Park àti Clyde ni ó kọ̀ láti bá wọn ṣe é. Ọdún kan péré ni Clyde fi dúró sí ìta kí ó tó wọlé ní 1891. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni Queen's Park fi dúró.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ìtàn nìyí: kí ni ó lè mú kí ẹgbẹ́ tí ó gba ife ọdún náà gan-an kọ̀yìn sí ìdíje tuntun tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ń dá sílẹ̀? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹgbẹ́ aláìgbowó ni Queen's Park, pé ó kórìíra kí a máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù, ó sì rí i pé líìgì ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún irú owó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kún tó. Bí ó bá jẹ́ pé ìkórìíra owó nìkan ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀, kò yẹ kí ẹgbẹ́ náà wọ líìgì ní 1900, nígbà tí sísanwó fún agbábọ́ọ̀lù ti di ohun tí òfin gbà láyè fún ọdún méje. Ó wọlé síbẹ̀, kò sì sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni Queen's Park so pọ̀ mọ́ ara wọn ní 1890. Èkíní ni ọ̀rọ̀ owó: ta ni yóò jẹ nínú èrè bọ́ọ̀lù? Èkejì ni ọ̀rọ̀ àṣẹ: ta ni yóò máa pín ọjọ́ Sátidé fún àwọn ẹgbẹ́? Ọdún mẹ́wàá ìta ni ó kọ́ ẹgbẹ́ náà pé okùn tí ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ṣeé tú. Ní 1900, ó jọ̀wọ́ àṣẹ, ó sì di ìlànà àìgbowó rẹ̀ mú.

2. Ipò Queen's Park kí líìgì tó dé

Ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 1867 ni wọ́n dá Queen's Park sílẹ̀. Òun ni àgbà gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Scotland. Nígbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, wọn a sì máa bá ara wọn ṣeré. Ó lé ní ọdún kan kí ó tó bá ẹgbẹ́ mìíràn, tí ń jẹ́ Thistle, pàdé lórí pápá ní 1868. Ó ṣe pàtàkì kí a fi èyí sọ́kàn: ẹgbẹ́ tí kò ní alátakò ni Queen's Park nígbà èwe rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wá àwọn alátakò jáde, tí ó kọ́ wọn ní òfin eré náà.

Nígbà tí wọ́n dá Ife Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, Queen's Park dá gíní kan sí owó tí wọ́n fi ra ife náà. Ní 1872, ó lọ sí London láti bá Wanderers gbá nínú ìdíje náà. Wọ́n ta ọ̀mì. Ṣùgbọ́n àwọn ará Glasgow kò ní owó tí wọn yóò fi dúró de àtúngbá, wọ́n sì padà sílé. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Scotland àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní Glasgow nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Ọmọ ẹgbẹ́ Queen's Park ni gbogbo àwọn mọ́kànlá tí ó gbá fún Scotland. Ní oṣù kẹta ọdún 1873, Queen's Park ni ó ṣáájú nígbà tí wọ́n dá Àjọ Bọ́ọ̀lù Scotland sílẹ̀. Òun náà ni ó sì gba Ife Scotland ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ní 1874, 1875 àti 1876. Òpin ọdún 1876 ni ẹgbẹ́ kan láti Scotland tó kọ́kọ́ borí rẹ̀, Vale of Leven sì ni ẹgbẹ́ náà. Ní 1884 àti 1885, ó dé àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Blackburn Rovers ni ó sì borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Èdè Látìn ni ẹgbẹ́ náà fi kọ àkọlé rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí a máa ṣeré nítorí eré. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè tẹ̀ lé e. Ẹni tí yóò ṣeré nítorí eré nìkan gbọ́dọ̀ ti rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ní ibòmíràn. Àpẹẹrẹ kan tí ó tọ́ sí àkíyèsí ni ti Andrew Watson, tí wọ́n bí ní Demerara ní Guyana ní 1856. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ìyá rẹ̀. Ará Scotland tí ó ní oko ìrèké ni bàbá rẹ̀, ó sì fi ogún sílẹ̀ fún un. Watson gbá bọ́ọ̀lù fún Queen's Park láti 1880, ó ṣe akọ̀wé tí ń ṣètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà, ó sì ṣe olórí ikọ̀ Scotland tí ó borí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní London ní oṣù kẹta ọdún 1881 pẹ̀lú góòlù mẹ́fà sí ẹyọ kan. Àwọ̀ ara rẹ̀ kò dí i lọ́nà nínú ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ni ìbá ti rí bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-aró ní àfonífojì Leven, tí kò ní ogún kankan? Ìbéèrè yìí ni àkọlé ẹgbẹ́ náà kò dáhùn.

Ohun mìíràn tún wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Queen's Park kì í ṣe ọ̀tá owó. Ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn òǹwòran ní ẹnu ọ̀nà pápá rẹ̀ ní Hampden. Ní 1884, ó kó lọ sí pápá kejì tí ó jẹ́ orúkọ náà. Ohun tí ó kọ̀ ni kí owó tí ó wọlé dé ọwọ́ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù. Gbólóhùn yìí ni ó yẹ kí a fi ka gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

3. Ohun tí ó bí líìgì

Kí líìgì tó dé, ọ̀nà méjì ni ẹgbẹ́ kan lè gbà rí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni ìdíje ife. Ọ̀nà kejì ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, èyí tí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ń fi lẹ́tà ṣètò láàárín ara wọn. Ìdíje ife ni ó gba iwájú nígbà gbogbo. Bí ẹgbẹ́ kan bá ta ọ̀mì nínú ìdíje ife, ó gbọ́dọ̀ tún un gbá, àtúngbá náà yóò sì lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti ṣètò fún ọjọ́ náà dànù. Bí wọ́n bá sì ti borí ẹgbẹ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje ife, kò ní ohun gidi kan tí yóò máa lépa mọ́ títí ọdún eré yóò fi parí. Àwọn òǹwòran kì í sì í fẹ́ san owó láti wo eré tí kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹgbẹ́ tí ó bá lókìkí kò jìyà púpọ̀ nínú ètò yìí. Lẹ́tà Queen's Park kì í pẹ́ gba èsì, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ ni ó fẹ́ kí àgbà náà wá sí pápá wọn. Àwọn tí ìyà ń jẹ ni àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń gbé ara wọn ró.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún dá kún ìṣòro náà. Ní 1885, Àjọ Bọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé kí ẹgbẹ́ máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ ti ń wá sí Scotland láti kó àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù í gbá lọ ní gbangba. Ní 1888, William McGregor, ọmọ Scotland tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ Aston Villa, kó ẹgbẹ́ 12 jọ láti dá Líìgì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bá èkejì rẹ̀ gbá lẹ́ẹ̀mejì, ní ilé àti ní àjò, ní ọjọ́ tí gbogbo wọn ti mọ̀ ṣáájú.

Ẹgbẹ́ Renton ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé Scotland. Abúlé ni Renton, àwọn ilé-aró ni ó sì gba ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ síṣẹ́. Síbẹ̀, ní 1888, lẹ́yìn tí ó gba Ife Scotland, Renton borí West Bromwich Albion tí ó gba Ife Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará abúlé náà sì pe ẹgbẹ́ wọn ní akọni gbogbo ayé. Ní ọdún kan náà ni James Kelly, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn tí ó dára jù lọ, kúrò lọ sí ẹgbẹ́ tuntun tí ń jẹ́ Celtic ní Glasgow. Ó hàn sí Renton pé òkìkí nìkan kò lè dá agbábọ́ọ̀lù dúró sí abúlé. Ìdí nìyí tí akọ̀wé rẹ̀, Peter Fairly, fi kọ ìwé ìpè sí àwọn ẹgbẹ́ yòókù.

4. Àwọn ìdí tí Queen's Park fi kọ̀

Ìdí méjì ni Queen's Park gbé síwájú. Ìkíní ni pé líìgì yóò bí sísanwó fún agbábọ́ọ̀lù. Èrò wọn nìyí: ẹgbẹ́ tí ó bá ti wọ líìgì gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí ènìyàn wá gbọ́dọ̀ máa borí, ẹgbẹ́ tí ó bá sì fẹ́ máa borí kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra agbábọ́ọ̀lù. Ìdí kejì ni pé líìgì yóò pa àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá kò ní ní Sátidé kankan tí wọn yóò fi bá wọn ṣeré mọ́.

Kò pẹ́ tí ìdí kìíní fi rí ẹ̀rí. Lábẹ́ òfin Àjọ Bọ́ọ̀lù Scotland, ẹgbẹ́ aláìgbowó ni gbogbo wọn ní 1890. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó mọ̀ pé owó abẹ́lẹ̀ ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní ọdún náà gan-an ni Àjọ dá ẹgbẹ́ St Bernard's ti Edinburgh dúró nítorí owó ìkọ̀kọ̀ tí ó fún agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Edinburgh Saints, Renton sì bá a gbá lábẹ́ orúkọ yìí. Nígbà tí Àjọ gbọ́, ó lé Renton náà jáde, líìgì sì pa gbogbo èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Báyìí ni ẹgbẹ́ tí ó pe ìpàdé líìgì ṣe di ẹni tí kò sí nínú líìgì kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Renton gbé Àjọ lọ sí kóòtù, ó jàre, ó sì padà wọlé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ìdí kẹta kò hàn sójú bí àwọn méjì ìṣáájú, ṣùgbọ́n ìtàn ẹgbẹ́ náà fi hàn. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ni ó lè pé mẹ́fà. Láti 1873, Àjọ Bọ́ọ̀lù Scotland ni ààfin bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà, Queen's Park sì ni ó fi ìpìlẹ̀ ààfin náà lélẹ̀. Líìgì jẹ́ ààfin kejì. Nínú rẹ̀, Queen's Park yóò di ọ̀kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹ́ 12: iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà ni yóò gbá bí Cowlairs àti Cambuslang, àmì kan náà ni yóò gbà bí ó bá borí, ẹlòmíràn ni yóò sì máa sọ fún un ibi tí yóò wà ní Sátidé. Ẹni tí ó ti ń yan àlejò rẹ̀ fún ọdún 20 yóò di ẹni tí wọ́n ń yan àlejò fún. Kò rọrùn fún àgbà láti gba irú ipò bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ọdún tí ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

5. Ọdún mẹ́wàá ní ìta

Ẹgbẹ́ 11 ni ó bẹ̀rẹ̀ líìgì ní oṣù kẹjọ ọdún 1890: Abercorn, Cambuslang, Celtic, Cowlairs, Dumbarton, Heart of Midlothian, Rangers, Renton, St Mirren, Third Lanark àti Vale of Leven. Lẹ́yìn tí Renton bọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18. Dumbarton àti Rangers ní àmì 29 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún bá ara wọn gbá, wọ́n ta ọ̀mì góòlù méjì sí méjì, wọ́n sì jọ pín ipò kìíní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé Queen's Park kò pàdánù ohunkóhun. Ó dé àṣekágbá Ife Scotland ní 1892, ṣùgbọ́n Celtic borí rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1893, ó gbẹ̀san lára Celtic pẹ̀lú góòlù méjì sí ẹyọ kan, ó sì gba ife náà fún ìgbà kẹwàá. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé ìgbà ìkẹyìn nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1893 kan náà, Àjọ Bọ́ọ̀lù Scotland dìbò, ó sì gbà pé kí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù. J. H. McLaughlin ti ẹgbẹ́ Celtic, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú líìgì, ni ó jà fún àyípadà náà. Ohun tí Queen's Park bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ láìpé ọdún mẹ́ta àbọ̀ sí ìgbà tí ó sọ ọ́. Ní ọdún yìí náà ni líìgì dá ìpele kejì sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Sátidé tí ó ṣẹ́kù fún ẹni tí ó wà ní ìta ń dín kù.

Ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé". Bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré tí ẹgbẹ́ kan lè dá ṣe. Nígbà tí Queen's Park kọ̀ ní 1890, ó rò pé òun kò ní fi ọwọ́ kan ohun tuntun, pé ohun àtijọ́ yóò sì máa bá a lọ bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ohun àtijọ́ kò sí ní ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ó wà ní ọwọ́ àwọn tí ó ń bá a ṣeré. Nígbà tí wọ́n ti kó Sátidé wọn lọ sínú líìgì, ohun tí Queen's Park rọ̀ mọ́ ti di ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ mọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kò ní itọ́wò mọ́ lẹ́nu àwọn òǹwòran tí ó ti mọ adùn àmì àti ipò. Ìdíje ife ni ó ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdíje ife lè parí fún ẹgbẹ́ kan láàárín ọ̀sán kan ṣoṣo.

Queen's Park fúnra rẹ̀ mọ èyí. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá Glasgow nínú líìgì kékeré kan tí wọ́n ń gbá láàárín ìlú náà. Àwọn tí ó ń bá pàdé níbẹ̀ ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù wọn. Queen's Park kò san, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Nígbà tí ó ti gbà láti máa ká àmì pẹ̀lú Celtic àti Rangers nínú ìlú kan, kò sí ìlànà kan tí ó lè dúró lé mọ́ láti sọ pé òun kò lè bá wọn ká àmì nínú orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹrin ọdún 1900, ó tún dé àṣekágbá Ife Scotland. Celtic borí rẹ̀ pẹ̀lú góòlù mẹ́rin sí mẹ́ta. Kò dé àṣekágbá ife náà mọ́ láti ìgbà náà.

6. Ìwọlé

Ní ọdún eré 1900 sí 1901, Queen's Park wọ Líìgì Scotland. Ìpele kìíní gan-an ni wọ́n fi í sí. Kò gba ìpele kejì kọjá. Ẹgbẹ́ 10 ni ó wà ní ìpele náà ní ọdún tí ó ṣáájú, wọ́n sì sọ ọ́ di 11. Èyí fi hàn pé kì í ṣe Queen's Park nìkan ni ó nílò líìgì. Líìgì náà nílò orúkọ Queen's Park, pápá Hampden, àti àwọn òǹwòran tí méjèèjì ń fà wá.

Àǹfààní tí ẹgbẹ́ náà rí hàn kíákíá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1903, ó ṣí Hampden kẹta, pápá tí ó tóbi jù lọ ní àgbáyé nígbà náà, ó sì borí Celtic ní ọjọ́ náà pẹ̀lú góòlù kan sí òdo. Ẹgbẹ́ tí kò ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó dájú kò lè dá irú pápá bẹ́ẹ̀ lé.

Àdánù náà hàn pẹ̀lú. Ní 1901, Robert Smyth McColl, agbábọ́ọ̀lù Queen's Park tí ó gbá góòlù 13 sáwọ̀n fún Scotland nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13, lọ sí Newcastle United láti máa gba owó. Ó tún lọ sí Rangers ní 1904. Ní 1907, wọ́n gbà á padà sí Queen's Park gẹ́gẹ́ bí aláìgbowó. Ìtàn McColl fi bí nǹkan ṣe rí hàn kedere: ilé ẹ̀kọ́ ni Queen's Park di fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn ẹlòmíràn ni ó sì ń kórè ohun tí ó gbìn. Lẹ́yìn 1900, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ó parí ọdún sí ìsàlẹ̀ ìpele kìíní. Ìbò àwọn ẹgbẹ́ yòókù ni kò jẹ́ kí ó bọ́. Nígbà tí òfin wá dé pé ẹni tí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìpele kejì láìsí ìbò, Queen's Park wà nínú àwọn àkọ́kọ́ tí ó bọ́, ní 1922.

7. Ìgbéléwọ̀n àwọn ìdí náà

Bí a bá gbé ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé òṣùwọ̀n, ìdájọ́ wọn kò dọ́gba.

Lórí ìdí kìíní, Queen's Park jàre nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ó sì jẹ̀bi nípa ohun tí ó fà á. Líìgì mú kí sísanwó yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe líìgì ni ó bí i. Owó abẹ́lẹ̀ ti wà kí líìgì tó dé, àwọn ẹgbẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń kó agbábọ́ọ̀lù Scotland lọ. Ohun tí òfin 1893 ṣe ni pé ó mú ohun ìkọ̀kọ̀ wá sí gbangba. Ó tún ṣe ohun kan tí ó tọ́ fún ọmọ òṣìṣẹ́: ó fún un ní ẹ̀tọ́ láti jẹ nínú owó tí àwọn ènìyàn san láti wá wò ó. Kò sí bí ẹgbẹ́ tí ń gba owó ẹnu ọ̀nà ṣe lè sọ pé ẹ̀tọ́ yìí burú láìjẹ́ pé ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Lórí ìdí kejì, Queen's Park jàre ju bí àwọn alátakò rẹ̀ ti rò lọ. Vale of Leven gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22 ní ọdún eré 1891 sí 1892 láìborí nínú ẹyọ kan, ó sì fi líìgì sílẹ̀. Cambuslang náà lọ ní 1892. Renton tí ó pe ìpàdé kúrò ní 1897. Third Lanark pẹ́ títí di 1967 kí ó tó túká. Àwọn abúlé àfonífojì Leven tí ó ti borí àwọn ará Glasgow nígbà kan rí kò gbérí mọ́. Síbẹ̀, kíkọ̀ tí Queen's Park kọ̀ kò gba ẹyọ kan là nínú wọn. Ẹni tí ó dúró ní ìta ìgbìmọ̀ kò lè bá wọn ṣe òfin tí yóò dáàbò bo ẹni kékeré. Bí àgbà bá wà lọ́jà, orí ọmọ titun kì í wọ́. Àgbà yìí kò sí lọ́jà.

Lórí ìdí kẹta, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣẹ, Queen's Park pàdánù pátápátá. Àṣẹ tí ó ń ṣọ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí àwọn yòókù fẹnu kò, yálà ó wọlé tàbí kò wọlé. Bí ó bá wọlé ní 1890, ìbá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ òfin líìgì. Ní 1900, òfin tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ ni ó bá nílẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹgbẹ́ kan tí ó dúró ti ìlànà rẹ̀ títí ayé fi yí i sílẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1890, ẹgbẹ́ náà gbà pé òun kò lè wọ líìgì kí òun sì jẹ́ aláìgbowó lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 1900 títí di oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò láti fòpin sí ìlànà àìgbowó, Queen's Park fi ọdún 119 fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Iye tí ó san fún un ni pé kò tún gba ife ńlá kankan mọ́. Ní 2020, Hampden fúnra rẹ̀ di ti Àjọ Bọ́ọ̀lù Scotland ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn.

Nítorí náà, àṣìṣe 1890 kì í ṣe pé ẹgbẹ́ náà ní ìlànà. Àṣìṣe náà ni pé ó fi ìlànà ṣe aṣọ bo ipò. Ohun tí ó pè ní ìdáàbòbò eré jẹ́, ní apá kan, ìdáàbòbò ẹ̀tọ́ àgbà láti máa pín ọjọ́ fún àwọn ọmọdé. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlànà ni ó kù, ó sì wá hàn pé ìlànà náà lè dá dúró láìsí ipò. Bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó a yí ijó padà. Queen's Park yí ijó rẹ̀ padà ní 1900, ṣùgbọ́n kò bọ́ aṣọ tí ó fi ń jó.